Ikùn Tó Dá Ṣáṣá

Kílẹ̀ tó mọ́ kedere, Mojoyin, òṣìṣẹ́ oko adìyẹ, ti ń po oúnjẹ àwọn adìyẹ bírọ́ílà. Àlìkámà lílọ̀ ni, tí wọ́n bu ẹ́ńsáìmù sí, ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí ọkà dà nínú wọn, kí ìgbẹ́ wọn má baà máa lẹ̀ bí àtè. Òfin ò gbà kí adìyẹ tínú ń run di ọjọ́ kejì láìrí dókítà. Ti èèyàn ńkọ́? Ìjọba ṣì ń rò ó.

Nígbà tínú ń run Mojoyin fúnra ẹ̀, ọsibítù ní gbogbo dókítà ti wọ oko adìyẹ lọ. Ló bá ń bu ìyẹ̀fun náà sínú ẹ̀kọ mímu tiẹ̀ láràárọ̀. Kò pẹ́, inú dẹ̀, ara bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ alápatà dé, Mojoyin gbé oúnjẹ kọjá níwájú ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, èyí tó ń yan adìyẹ tí ikùn ẹ̀ bá dá ṣáṣá. Ẹ̀rọ náà yẹ ikùn Mojoyin wò, ó là á mọ́lẹ̀ pé, "Èyí ti tó pa."

Ìyá Ìbídùn tó ni oko wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún un pé èèyàn ni mí."

"Tó o bá jẹ́ èèyàn, o ti jí oúnjẹ adìyẹ jẹ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n lòfin sọ. Tó o bá jẹ́ adìyẹ, wọ ọkọ̀. Èwo lo jẹ́?"

Mojoyin ronú díẹ̀. "Ṣé dókítà wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, mà?"

"Ta ló fẹ́ máa tọ́jú ẹlẹ́wọ̀n?"

"Inú ọkọ̀ yìí ńkọ́?"

"Méjì ló wà níbẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kínú run yín títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ alápatà."

Mojoyin gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó sì tò sẹ́yìn àwọn adìyẹ.