Ìró Ìgbálẹ̀ Nínú Ilé Kúlórínì

Fádáhùnsi, ọ̀gá ètò ààbò níléeṣẹ́ omi, fẹ́ràn akoto orí rẹ̀ ju orí náà gan-an lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kúlórínì tí wọ́n fi ń fọ omi dà sílẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí.

"Ọ̀gá, ṣé ká pe panápaná?" òṣìṣẹ́ kan bi í.

"Panápaná kẹ̀? Kí ni èmi wá wà fún?"

Ó ní kí wọ́n da lẹ́búlẹ́bú pákó lé e, bí mẹkáníìkì ti ń ṣe sí ọ́ìlì, ó sì tilẹ̀kùn pa.

Ilẹ̀ ṣú, ó ku òun nìkan. Ló bá gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ nínú ilé tó tì pa náà: ṣáà, ṣáà.

"Ta nìyẹn?"

"Kúlórínì àti pákó kì í bára gbélé, ọ̀gá. Ó ti ń gbóná. Ẹ má ṣílẹ̀kùn o, ẹ sá!"

"Ìwọ! Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín. Èmi náà ti ṣe ọ̀gá ààbò rí níbí."

Ọwọ́ Fádáhùnsi kú sára kọ́kọ́rọ́. Kò tíì sí ọ̀gá ààbò kankan níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ohùn náà sì jọ tirẹ̀ gan-an.

Èéfín yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó sá dé géètì, ó sì pe panápaná. Lẹ́yìn rẹ̀, iná já òrùlé. Nínú iná náà, ìgbálẹ̀ kò dúró.