Ilẹ̀kùn Tó Mọ Onílé

"Àlejò, ẹ dúró síta." Bí ilẹ̀kùn ilé ọkọ mi ṣe ń kí mi nìyẹn látìgbà tí Adégòróyè, àbúrò ọkọ mi tó ti dolóògbé, ti yọ orúkọ mi kúrò nínú kọ̀ǹpútà ilé.

Lónìí, atọ́ka, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ tí kọ̀ǹpútà náà fi ń mọ onílé, bàjẹ́, ilẹ̀kùn ò ṣí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Adégòróyè ránṣẹ́ pè mí, torí títún kọ̀ǹpútà ṣe niṣẹ́ mi.

"Ìyàwó wa, bá wa tún un ṣe."

Ìyàwó wa! Ẹni tó sọ mí dàlejò náà nìyẹn.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo fi fóònù mi wọ inú kọ̀ǹpútà ilé, mo wá ẹ̀dà atọ́ka àtijọ́ tó wà nípamọ́ nínú kọ̀ǹpútà, èyí tó ti wà kí Adégòróyè tó kó wọlé. Mo fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́.

"Onílé, ẹ káàbọ̀."

Mo wọlé. Bí Adégòróyè ṣe fẹ́ tẹ̀ lé mi, ilẹ̀kùn pa dé.

"Àlejò, ẹ dúró síta."

Mo kúnlẹ̀ nínú ilé mi bí ìyàwó gidi. "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Kò mọ̀ yín ni."