Géèmù Aṣọ Sísá

Nígbà tí géèmù náà kọ́kọ́ jáde, yẹ̀yẹ́ ni àwọn ọmọdé fi í ṣe. Èèyàn á sá aṣọ sórí okùn, òjò á ṣú, á sáré ká a, ó parí. "Ṣé ohun tí màmá mi ń rán mi nílé lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo tún fẹ́ fowó rà?" Kò tà rárá. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kógbá sílé. Ọdún gorí ọdún, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí wá di àwátì, bó sì ṣe ń dín ni owó rẹ̀ ń gòkè.

Ìyá Onígéèmù ní ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọn kò tíì já ọ̀rá ara páálí rẹ̀. Ọlọ́jà mẹ́ta mìíràn ní tiwọn. Lọ́dún yìí, ṣọ́ọ̀bù wọn jóná lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní wáyà iná ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti orí nọ́ńbà tí kò mọ̀: "Mo ti wadii. Eyin nikan lo ku. Mo n bo losan."

Àyà rẹ̀ já. Ó gbé fóònù lọ bá télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fara kanra.

"Ṣé 'ló kù' ni àbí 'ló kú'?" ni télọ̀ bi í. "Àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí á pa èèyàn lọ́jọ́ kan! Ìyá, ẹni tó sun àwọn yòókù ló ń bọ̀ yìí o. Ẹ jẹ́ ká pe ọlọ́pàá."

"Rárá, má pè wọ́n," ó dáhùn kíákíá. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo máa tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó gbé e sí imú, ó tún un fọ̀.

Lọ́sàn-án, bàbá arúgbó kan wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ káàsán o, ìyá. Èmi ni mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́."

"Kí lẹ wádìí?" ni Ìyá Onígéèmù bi í.

"Pé nínú gbogbo ọlọ́jà, ẹ̀yin nìkan ló kù tó ní i."

Bàbá ki ọwọ́ bọ inú àpò. Ìyá Onígéèmù fẹ̀yìn ti ògiri. Páálí kan ni bàbá fà yọ, àwòrán okùn, aṣọ àti òjò tó ṣú wà lára rẹ̀.

"Tèmi rèé. Ẹ bá mi wò ó bóyá ojúlówó ni. Mi ò ní tà á láéláé. Ọmọ mi tó ti lọ ló fẹ́ràn rẹ̀."

"Ojúlówó ni," ó wí. Ó mí kanlẹ̀. Ẹ̀rù náà ti kúrò lára rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí bàbá, ó fi ẹsẹ̀ ti kẹrosíìnì tó kù wọ abẹ́ káńtà, ó ní, "Bàbá, ibo gan-an lẹ ń gbé?"