Èédú Tí Wọ́n Ní Ó Tán

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, akọ̀wé iléeṣẹ́ máa ń fi ẹfun kọ iye tọ́ọ̀nù èédú tí wọ́n wà lọ́sẹ̀ tó kọjá sára pátákó ẹnu géètì. Bí iye náà bá gòkè, àwọn awakùsà á pàtẹ́wọ́. Bó bá wálẹ̀, wọ́n á bú akọ̀wé.

Ilé iléeṣẹ́ ni Gìrìpá àtìyàwó rẹ̀ ń gbé. Àdéhùn ilé náà ò lọ́jú pọ̀: bí iléeṣẹ́ bá lé awakùsà, ilé di ti awakùsà náà, àmọ́ bí èédú bá tán nínú ilẹ̀, kálukú á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, á sì kúrò nílé.

Ẹ̀gbọ́n Gìrìpá, alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, pe ìpàdé sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ.

"Rédíò ní gbogbo ayé ló ń wá èédú," ó ní. "Owó oṣù tiwa jókòó sójú kan bí ẹni tó jẹun yó. Ẹ jẹ́ ká rọra máa wà á. Bí iye orí pátákó bá já wálẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀ wá."

"Gìrìpá ò mọ̀ ọ́n rọra ṣe o!" ẹnìkan pariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá lé wa ńkọ́?" Gìrìpá bi í.

"Ilé á di tiwa. Ta ló pàdánù?"

Gìrìpá tó ń wa ti ẹni méjì tẹ́lẹ̀ wá ń jókòó ti ṣọ́bìrì rẹ̀. Iye ń já wálẹ̀. Àlejò kan láti olú iléeṣẹ́ wá ya fọ́tò pátákó, ó sì lọ.

"Ẹ̀rù ti ń bà wọ́n," alága ní.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá àgbà kéde pé èédú ti tán.

"Ó ṣì pọ̀ níbẹ̀!" Gìrìpá kígbe. "Àwa la mọ̀ọ́mọ̀ rọra wà á!"

"Ẹ̀yin náà lẹ wà á, àbí èmi ni?" ọ̀gá àgbà ní. "Ohun tẹ́ ẹ wà la kọ."

Alága sunkún ju gbogbo wọn lọ. Gìrìpá dì í mú léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́. Ẹ ò mọ̀ pé báyìí ló máa rí."

Ó lọ gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jáde.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Gìrìpá gbọ́ pé wọ́n ti ṣí ihò èédú náà padà, wọ́n sì ń gba awakùsà tuntun tí kò ní àdéhùn ilé kankan, ló bá sáré lọ síbẹ̀, ó bá ẹni tó ń yan èèyàn lẹ́nu géètì, tó dé akoto funfun àwọn ọ̀gá, àṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ alága ni, ó sì wí fún un pé: "Àbúrò mi, lọ tò sẹ́yìn, káwọn èèyàn má bàa ní mò ń ṣojúsàájú."