Èmi, Dókítà Ẹja Wúrà

Ẹja wúrà wa yí ikùn sókè nínú àpótí gíláàsì rẹ̀.

Ó ṣì ń mí. Kò gbọdọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Èmi tí n kò mọ oògùn orí fífọ́ wá sọ ara mi di dókítà ẹja.

Mo pààrọ̀ omi, mo wọn iyọ̀ sí i, mo ń bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ.

Ọkùnrin tó tà á fún wa dé, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹja yìí yó jù ni! Ta ló ń bọ́ ọ?”

“Èmi láàárọ̀, ìyàwó mi lálẹ́.”

“Ẹ bá wa sọ fún Màmá kí wọ́n fi ti alẹ́ sílẹ̀.”

Mo ní ó dáa.

Láti ìgbà tí a ti sin ìyàwó mi, èmi ni mò ń bá a fún ẹja náà lóúnjẹ alẹ́.