Wọ́n Lọ Wo Ìyàwó ní Ìlọ́fà

Ní ọdún 1981, ní ọjọ́ Sátidé tí àwọn ará Ìlọ́fà fi ṣe àríyá iṣu tuntun lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ wọn, Keziah múra láti Ọ̀sí bí ẹni tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ léèsì funfun. Elijah ọkọ rẹ̀ àti Susanna, àbígbẹ̀yìn wọn, tẹ̀ lé e. Nínú báàgì rẹ̀ ni fọ́tò ọmọbìnrin kan wà.

Ìbídùnní ni ọmọbìnrin náà ń jẹ́. Ṣẹ́gun, àkọ́bí Keziah tó ń ṣe tíṣà ní Ìlọrin, ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Àwọn ẹbí méjèèjì kò tíì mọ ara wọn. Ní agbègbè wọn, kí wọ́n tó ru iṣu lọ tọrọ ọmọ, ẹnì kan láti ilé ọkọ a kọ́kọ́ lọ wo ọmọ náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Keziah ti lọ bẹ́ẹ̀. Ní Òkè-Ọ̀pin, ó ní ọmọ ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín jù. Ní Èrúkù, ó ní tibẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣẹ́gun ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Ìyá Ṣẹ́gun, jọ̀wọ́," ni Elijah wí nínú ọkọ̀. "Tí èyí náà bá tún bàjẹ́, ọmọ yẹn ní òun ò ní mú ẹnikẹ́ni wálé mọ́."

"Ṣé èmi ni mo fi àléébù sí wọn lára?"

Inú ti ń bí i kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti kó ènìyàn márùn-ún sórí ìjókòó ẹni mẹ́ta, eruku sì ti kun léèsì rẹ̀.

Pápá náà kún. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló pa àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ tirẹ̀, tí wọ́n ń gún iyán. Àwọn onígìtá dúró sórí ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n ń kọrin. Keziah yẹ fọ́tò wò títí ó fi rí ọmọ náà lẹ́yìn àtíbàbà kan, nídìí odó. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó.

Ìyá àgbà kan tó wé gèlè funfun ló ń bu oúnjẹ. Ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó sì kọjá lọ.

"Ẹ̀yin ìyá, a ti jókòó o," ni Keziah wí.

"Mo rí yín."

Àwọn mẹ́ta tó ti Ararọ̀mí-Ọ̀pin wá wọlé lẹ́yìn wọn. Ìyá àgbà náà bu tiwọn kíá, ọbẹ̀ kò kán sílẹ̀. Elijah ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀ lé gìtá.

"Bàbá Ṣẹ́gun, wọ́n ń fi wá ṣẹ̀sín, ẹ̀ ń jó?"

"Orin náà dùn ni."

"Ẹ máa jẹ orin náà, tí ebi bá ń pa yín."

Nígbà tí oúnjẹ dé, iyán Keziah kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ. Awọ kan ṣoṣo ló wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹran ìgbẹ́ wà nínú ti Elijah àti ti Susanna.

"Ṣé ẹran nìyí, àbí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà?"

"Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó gbé e sílẹ̀," ni ìyá àgbà náà dáhùn. Ó gbé ìgbakọ ọbẹ̀ wá bí ẹni fẹ́ fi kún un. Ó dà á sórí itan Keziah. Kò sì sọ pé pẹ̀lẹ́.

Keziah fò dìde. Ó fi ọwọ́ gbá àwo náà, àwo sì bọ́ lé ìyá àgbà náà lẹ́sẹ̀.

"Arúgbó ìkà! Ojú ẹ fọ́ ni? Ṣé wọn ò rí ẹni gidi fi sídìí oúnjẹ ni? Ó yẹ kí wọ́n ti sin ẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ni Susanna ń wí. Gbogbo ènìyàn ti yíjú. Ìyá àgbà náà kàn wo apá ibi odó.

Ìbídùnní ti ń bọ̀. Ó gbé abọ́ omi dání, ó sì fi aṣọ ìnura mímọ́ kọ́ apá. Ó kúnlẹ̀, ó ń nu léèsì náà.

"Ẹ má bínú, mà. Àgbàlagbà ni wọ́n."

"Àgbàlagbà wo? Ẹ lé e kúrò níbẹ̀! Kó padà lọ sínú ihò tó ti jáde!"

"Mo gbọ́, mà."

Kò béèrè orúkọ wọn, kò béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ó gbé iyán mìíràn wá fún Keziah, ẹran ìgbẹ́ mẹ́ta nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń jẹun.

"Ṣé inú yín ti rọ̀, mà?"

"Inú mi ò lè rọ̀ sí arúgbó yẹn títí láé."

Ọmọ náà mi orí, ó sì padà sídìí odó.

"O bú ìyá yẹn jù," ni Elijah wí nígbà tí wọ́n ń wá ọkọ̀.

"Mi ò tíì bú u tó." Ó fa ìró rẹ̀ tó ti pọ́n fún epo mọ́ra. "Àmọ́ ọmọ yẹn, mo fẹ́ ẹ. Ẹ rí bó ṣe kúnlẹ̀? Ó lè bá mi gbé. Ẹ lọ máa ṣa iṣu tí a ó rù wá."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí pápá ti dá, Ìbídùnní dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Mùfúlíátù, ìyá àgbà onígèlè funfun náà, aládùúgbò wọn tó ti bá a ṣe gbogbo ohun tó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe, títí kan ọbẹ̀ tó dà sórí léèsì, ó sì jókòó fèsì lẹ́tà tí Ṣẹ́gun fi ta á lólobó bí ìyá òun ṣe rí àti pé ó ń bọ̀ wá wò ó; ó kọ ọ́ sí i pé òun náà ti wo ìyá rẹ̀, kí ó máa wá ìyàwó mìíràn lọ.