Ìbọn Tó Ń Gbé Rọ́bà Mì

Ní Òkèhò, ní àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà, ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gbàdébọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, orí rẹ̀ sì pé. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀ láéláé. Bó bá fọ́ àwo, ilẹ̀ ló ń yọ̀. Bó bá pẹ́ dé ilé ìwé, ìyá rẹ̀ ni kò tètè se oúnjẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má wo ara yín lójú bẹ́ẹ̀ o, mi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà ìsinmi ilé ìwé, òun àti Túbọ̀sún ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ṣe ìbọn rọ́bà kan. Túbọ̀sún yọ ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò àtijọ́ kan tó ti kú. Gbàdébọ̀ gé pákó, ó gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì sí róbótó, ó gbẹ́ eyín sí i lára, gbogbo eyín náà sì kọjú sí ọ̀nà kan. Ó kan ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀yìn pákó, ó sì ki róbótó náà bọ ẹnu rẹ̀. Wọn a na rọ́bà tí wọ́n fi ń so ẹnu ọ̀rá láti iwájú pákó, wọn a fi kọ́ eyín. Bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì, bátìrì méjì á mú kí ẹ́ńjìnnì yí, eyín á jọ̀wọ́ rọ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan, rọ́bà á sì fò lọ fìì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́, ó gbá agolo mílíìkì ṣubú kúrò lórí ògiri. Inú wọn dùn débi pé wọ́n pe gbogbo ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá wòran lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Gbàdébọ̀ rí i pé ó ti ń rẹ bátìrì. Ó yọ wọ́n, ó sá wọn sínú oòrùn bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Nígbà tó kó wọn wọlé, ó fi tọ́ọ̀ṣì onígílóòbù ti ìyá àgbà rẹ̀ dán wọn wò. Ó kì wọ́n bọ̀ ọ́, iná tàn. Ó dorí wọn kodò, iná tún tàn. Ó ní, "Ibi yòówù kí wọ́n kọrí sí, bátìrì ni bátìrì." Ó kó wọn sínú ìbọn láìwò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọmọ pé jọ. Gbàdébọ̀ tẹ bọ́tìnnì. Háà! Dípò kí rọ́bà fò, ńṣe ni eyín ń wọ́ ọ, tó ń wé e mọ́ra, àfi bí ẹni tó ń gbé e mì. Wọ́n tú u, wọ́n tún fi í kọ́ eyín, ìbọn tún gbé e mì. Gbàdébọ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò rí ohun tó já, kò rí ohun tó kán. Ohun tó ṣiṣẹ́ lánàá! Orí rẹ̀ dàrú.

Túbọ̀sún náà ń họrí. Ó ní, "Ó rú mi lójú o. Jẹ́ ká tú u wò."

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ojú ti Gbàdébọ̀, ló bá ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

Ó pariwo pé, "Kí lo fẹ́ tú? Ṣebí ìwọ lo fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn lánàá! Gbogbo ohun tí o bá ti fọwọ́ bà ló ń bàjẹ́!"

Túbọ̀sún yí padà, ó kọrí sílé. Òun pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá òun ṣe nǹkan kan tí òun kò mọ̀. Kó tó délé, àwọn ọmọ ti fún un lórúkọ: Fọwọ́bà-ó-bàjẹ́.

Ọmọ tó jẹ́ pé òun ló ń bá àwọn ará àdúgbò tún tọ́ọ̀ṣì ṣe! Bó bá na ọwọ́ sí bọ́ọ̀lù báyìí, wọn á gbé e sá. Ìyá Múníràtù, tó ti ní kó wá bá òun wo rédíò òun, ní kó fi í sílẹ̀. Ó dùn ún wọra. Níkẹyìn, ó ránṣẹ́ sí Gbàdébọ̀ pé kó dá ẹ́ńjìnnì òun padà.

Gbàdébọ̀ yọ bátìrì kó lè tú ẹ́ńjìnnì. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ó ní kí òun tún dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kó bátìrì padà, ó fi rọ́bà kọ́ ọ, ó yọjú wo iwájú rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Fìì! Rọ́bà ta á níwájú orí.

Ìyá àgbà bi í pé, "Kí ló ta ọ́?"

"Ìyá àgbà, kò yé mi! Ó ti ṣiṣẹ́!"

"Kí lo ṣe sí i?"

"N ò ṣe nǹkan kan. Bátìrì nìkan ni mo yọ, tí mo sì kó padà..." Ó dorí bátìrì kodò, ìbọn gbé rọ́bà mì. Ó dá a padà, rọ́bà fò. Ìgbà náà ló tó yé e: ibi tó wu bátìrì kó kọrí sí, tọ́ọ̀ṣì á tàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dorí kodò, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí sí.

Ìyá àgbà ní, "Ta ló wá bà á jẹ́?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni, mà."

Ó sáré lọ kúnlẹ̀ bẹ Túbọ̀sún. Túbọ̀sún ní, "Mo ti gbọ́. Àwọn tó ń pè mí lórúkọ yẹn ńkọ́?" Gbàdébọ̀ bá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń wí pé, "Èmi ni mo ṣì í ṣe, kì í ṣe Túbọ̀sún." Àwọn kan gbọ́. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé Fọwọ́bà-ó-bàjẹ́ ló rán ọ wá ni?" Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì tún di ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n títí Túbọ̀sún fi jáde ilé ìwé ni orúkọ yẹn ń tẹ̀ lé e kiri. Nígbàkígbà tí ẹnìkan bá pè é bẹ́ẹ̀, Gbàdébọ̀ ló ń sorí kọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí nǹkan bá rú yín lójú, ẹ sọ pé ó rú yín lójú. Túbọ̀sún sọ ọ́, kò pa á. Ẹ yẹ ọwọ́ ara yín wò kí ẹ tó di ẹ̀bi ru ọmọ ẹlòmíràn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.